Ìpẹtà Tí Mo Fọ̀

Kí ẹ tó gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn, èmi Verna, arúgbó ọlọ́mọ-ọmọ mẹ́sàn-án, ni mo fi ọṣẹ ìfọwo àti búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín fọ ọkọ̀ èédú kékeré tí Elwood ọkọ mi ṣe.

Ọkọ mi ti lọ to tábìlì sí gbọ̀ngàn àwọn panápaná, níbi tí ìdíje àwọn rélùwéè kéékèèké àfọwọ́ṣe máa ti bẹ̀rẹ̀ láago méjì. Yàrá abẹ́ ilé ló ti ń ṣe tirẹ̀. Orúnkún mi kì í jẹ́ kí n sọ̀kalẹ̀ débẹ̀. Láàárọ̀ yẹn ló gbé ọkọ̀ kan, irú èyí tí rélùwéè fi ń kó èédú, gòkè wá sí ilé ìdáná. Kò gùn ju àtẹ́lẹwọ́ mi lọ, ó sì dọ̀tí bí etí ọmọ ilé ìwé. Mo ní kí wọ́n má baà sọ pé ọ̀bùn ni ìyàwó rẹ̀. Mo fọ̀ ọ́, mo tún ń kọrin sí i.

Ìgbà tí omi pọ́n ni mo tó rí páálí pẹ́ńsù aláwọ̀, àti agolo fáníìṣì tó yẹ kó fín sí i kí àwọ̀ náà má baà ṣí. Kò tíì fín in. Àṣé ìpẹtà tó fọwọ́ yà kí ọkọ̀ náà lè jọ ti gidi ni mo pè ní ìdọ̀tí; gbogbo ìgbà òtútù ló fi yà á, ìlà kan lẹ́yìn òmíràn. Ó sì ti sọ fún mi nídìí kọfí: “Èyí ló kẹ́yìn, Verna. Ọwọ́ mi ti ń gbọ̀n jù.”

Aago mọ́kànlá ti kọjá.

Mo jókòó, mo gbẹ́ pẹ́ńsù. Èyí tí mo kọ́kọ́ yà dà bí ojú ológbò tó ti ìjà dé. Mo fọ̀ ọ́ dànù. Ìgbà náà ni mo rántí okùn tí mo ń sá aṣọ sí ní ilé wa àtijọ́, lẹ́bàá ojú irin. Ogún ọdún ni àwọn ọkọ̀ èédú fi ń kọjá, tí wọ́n ń ba aṣọ ibùsùn mi jẹ́, tí mo ń bú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo mọ̀ wọ́n bí mo ṣe mọ àwọn àna mi. Abẹ́ orí ìṣó ni ìpẹtà ti ń bẹ̀rẹ̀, òjò á wá fà á lọ sílẹ̀. Mo ki ẹnu pẹ́ńsù bọ omi, mo fà á látòkè wá, mo fi àtàǹpàkò nù ún fẹ́ẹ́rẹ́ kó lè tàn. Mo fín fáníìṣì, mo wúkọ́ bí ẹṣin.

Elwood dé, ó wo ọkọ̀ náà pẹ́, ó fi áńkáṣíìfù wé e. Ó ní ká máa lọ.

Ní gbọ̀ngàn, Ìyáàfin Stahl tó ń ṣe adájọ́ bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo ọkọ̀ náà. “Ọ̀gbẹ́ni Kessler, ìpẹtà yìí mà jọ ti gidi o. Níbo lẹ ti rí irú ẹ̀?”

“Lẹ́yìnkùlé wa,” Elwood fèsì.

Ipò kejì ni wọ́n fún un. Ó lẹ ríbọ́ọ̀nù ẹ̀bùn náà mọ́ àyà bí ọkọ ìyàwó tuntun.

Èmi ni mo ń wa mọ́tò lọ sílé. Nígbà tó yá, mo dín eré kù.

“Elwood, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ sọ.”

“Òórùn ọṣẹ ti ń kọlù mí láti ọ̀sán,” ó ní, ó ń wo ìta lójú fèrèsé mọ́tò. “Ọkọ̀ márùn-ún ṣì wà nísàlẹ̀ tí ọwọ́ mi kò lè parí mọ́. Ìgbà wo lo máa fọ àwọn yẹn?”