Dúrọ́ọ̀mù tí Owólabí Fi Òjé Dí

Ọdún kan lẹ́yìn ayẹyẹ ńlá tí wọ́n tìtorí rẹ̀ kọ́ Festac ni Ọláníran ọmọ mi rí ilé ìjọba gbà níbẹ̀. Àjà kẹta ni. Ẹ̀rọ omi wà nílé ìdáná, ó ń dán yinrin. Ẹ yí i títí, atẹ́gùn ni yóò máa fẹ́ sí yín lójú. Ìsàlẹ̀ nìkan ni omi ń dé. Ibẹ̀ la ti ń pọn ọ́n gòkè, tí à ń dà á sínú dúrọ́ọ̀mù kan tí ìdí rẹ̀ ń jò.

Ọláníran gbé dúrọ́ọ̀mù náà lọ fún Owólabí tí ń tún bátìrì mọ́tò ṣe ní Mazamaza. Owólabí yọ́ òjé inú bátìrì tó ti kú, ó fi dí ìdí dúrọ́ọ̀mù yíká nínú. Kò jò mọ́. Gbogbo wa yìn ín. Èmi tilẹ̀ gbàdúrà fún un!

Nígbà tó yá, inú bẹ̀rẹ̀ sí í run Ẹ̀bùnlọlá, ọmọ ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́rin. Kì í yàgbẹ́ dáadáa, ojú rẹ̀ funfun, kò fẹ́ ṣeré mọ́. Mo ní jẹ̀díjẹ̀dí ni. Ta ni kò mọ̀ pé ohun dídùn ló ń fà á? Beatrice ìyá rẹ̀ sì ń fún un ní súìtì bí ẹni ń da àgbàdo fún adìẹ. Mo gba súìtì, mo rẹ àgbo, mo bu omi inú dúrọ́ọ̀mù lé e. Ife kan láàárọ̀, ife kan nírọ̀lẹ́. Bó bá kọ̀, mo di imú rẹ̀ mú. Inú túbọ̀ ń run ún, mo fi ife ọ̀sán kún un.

"Màmá, ẹ jẹ́ ká gbé e lọ ọsibítù," Beatrice ní.

"Ìyàwó, ọsibítù ló mọ jẹ̀díjẹ̀dí? Ìwọ ṣáà lọ kó súìtì rẹ pamọ́."

Ọjọ́ Sátidé kan ni Bernice, nọ́ọ̀sì tó ń gbé ilé tó kọjú sí tiwa, yà wá kí wa. Ó la ẹnu ọmọ, ó ní ìlà dúdú kan wà ní ìdí eyín rẹ̀. Kí ló ń mu? Beatrice nawọ́ sí dúrọ́ọ̀mù. Bernice yọjú wo inú rẹ̀.

"Màmá, kí ni wọ́n fi dí èyí?"

"Òjé ni."

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo rántí. Àbúrò bàbá mi ní Ẹ̀pẹ́ ló ń yọ́ òjé tí àwọn apẹja ń so mọ́ àwọ̀n. Wọn kì í jẹ́ kí àwa ọmọdé jẹun nítòsí ibi iṣẹ́ rẹ̀. Inú rírun ló bá a dé ojú ikú. Ojú mi ló ṣe! Ó lé lọ́gọ́ta ọdún tí mo ti mọ̀ ọ́n, èmi náà ni mo wá ń di imú ọmọ mú.

Ọláníran wọlé, ó gbọ́ tí Bernice ń sọ pé májèlé ni òjé inú omi náà, ó rẹ́rìn-ín. "Màámi, Bernice ń dẹ́rù bà yín ni. Mo kà á nínú ìwé ìròyìn pé òyìnbó ń da oògùn eyín sínú omi ìlú wọn, ara wọn sì le. Kí ni òjé bíńtín fẹ́ ṣe?"

"Òyìnbó tí o wí yẹn, ṣé Owólabí ló ń bá wọn po oògùn?"

"Ó dáa, ẹ jẹ́ ká lo èyí tó wà níbẹ̀ tán ná. Àárọ̀ yìí ni mo pọn ọ́n. Ẹ̀yìn ń dùn mí."

Ẹ̀yìn ń dùn ún! Mo mú òòlù àti ìṣó gígùn, mo lu ìdí dúrọ́ọ̀mù náà ní ihò mẹ́ta. Omi gba pálọ̀, ó gba àtẹ̀gùn, ó dé ọ̀dọ̀ Ògúndípẹ̀ tó ń gbé nísàlẹ̀ wa.

"Ta ló ń wẹ̀ lé wa lórí níbẹ̀ yẹn?" Ògúndípẹ̀ pariwo.

"Èmi ni! Máa gbá a síta!"

Beatrice ti pọn ọmọ. Mo di apá Bernice mú. "Ṣé yóò jáde lára rẹ̀?"

"Màmá, dókítà ni yóò sọ. Ṣùgbọ́n ẹ máa bá wa lọ. Ẹ óò sọ iye ife tí ẹ ti fún un."

Mo wọ bàtà. Láti orí àtẹ̀gùn títí dé Apple Junction tí a ti wọkọ̀ ni mo ń ka àwọn ife náà lọ́kàn. Nígbà tí dókítà bi mí, iye náà ti pọ̀ ju ohun tí ẹnu mi fẹ́ gbé lọ. Mo sọ ọ́.