Àwọn Mẹ́tàlá Tó Tọ́ka sí Dókítà Àkànó

Ọjọ́ tí páálí ìwé dé láti Ìlú Ọba ni Dókítà Sàídátù Àkànó ti sọ ara rẹ̀ di ọ̀jọ̀gbọ́n nínú ọkàn rẹ̀. Ọdún 1999 ni. Ó lọ gbà á ní ilé ìfìwéránṣẹ́ ní Dùgbẹ̀, kò sì lè mú sùúrù délé. Inú takisí tó ń gbé e lọ sí Agbówó ló ti já okùn rẹ̀. Abọ́sẹ̀dé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ló bá a wá gbogbo ìwé ìwádìí tó tọ́ka sí iṣẹ́ rẹ̀ lókè òkun, tó sì ṣe fọ́tókópì wọn. Iye wọn jẹ́ mẹ́tàlá.

Ẹ má bú u. Ó ti tó ọdún mọ́kànlá tó ti ń kọ́ni nílé ẹ̀kọ́ gíga kan tí n ò ní dárúkọ. Ìgbìmọ̀ tó ń gbani sípò ti sọ fún un pé àwọn ò wo iye ìwé tó kọ mọ́, iye èèyàn tó ń tọ́ka sí i làwọn fẹ́ rí. Bí kò bá rí ipò náà gbà lọ́tẹ̀ yìí, ó di ọdún márùn-ún sí i. Alága ìgbìmọ̀ ọ̀hún ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Ògúnsànyà, olórí ẹ̀ka wọn, ẹni tí kò gbà rárá pé iṣẹ́ ni obìnrin yìí ń ṣe. “Iná orí pákó” ló ń pè é.

Iṣẹ́ náà kò sì ṣòro láti ṣàlàyé. Bí bàálù bá gbé imú sókè jù, atẹ́gùn á já kúrò lẹ́yìn apá rẹ̀, bàálù á sì fẹ́ jábọ́. Sàídátù lẹ bàbà tẹ́ẹ́rẹ́ mọ́ apá bàálù onípákó kan, ó fi iná tó lágbára sí i, iná aláwọ̀ àlùkò kékeré kan sì tàn létí rẹ̀. Plásímà ni wọ́n ń pè é. Plásímà yìí fa atẹ́gùn padà sára pákó. Ó kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1996, ó sì fi kún un pé iná òun dúró ṣinṣin torí pé òun ní sitebiláísà, ẹ̀rọ tí kì í jẹ́ kí iná mànàmáná lọ sókè sódò.

Sàídátù kó fọ́tókópì mẹ́tẹ̀ẹ̀tàlá fún alága láìyẹ inú ìkankan wò. Ayọ̀ ò jẹ́ kó ráyè. Lọ́jọ́ kẹta, alága pè é sí ọ́fíìsì.

“Dókítà, ṣé ẹ ti rí ohun tí wọ́n sọ nípa yín?”

“Mo mọ iye wọn, sà.”

“Ẹni àkọ́kọ́ ní òun ṣe é, kò ṣiṣẹ́. Èkejì ṣe é lẹ́ẹ̀mẹfà, kò ṣiṣẹ́. Ará Rọ́ṣíà yìí ń béèrè bóyá ẹ tilẹ̀ wà láyé. Gbogbo wọn pátá ló pè yín ní òpùrọ́, madam. Ó di Ọjọ́bọ̀ níwájú ìgbìmọ̀.” Ó rẹ́rìn-ín débi tí ikùn rẹ̀ ń mì.

Ojú ti Sàídátù bíi kí ilẹ̀ la kó gbé e mì. Ó sáré lọ sí láàbù, ó ní kí Bàbá Àlíù tó ń tọ́jú ibẹ̀ bá òun tún un ṣe. Wọ́n fẹ́ èéfín sí i kí wọ́n lè rí ọ̀nà tí atẹ́gùn ń gbà. Èéfín kò lẹ̀ mọ́ pákó. Wọ́n ṣe é lẹ́ẹ̀mẹta, kò lẹ̀. Sàídátù jókòó, ó bú sẹ́kún.

Bàbá Àlíù họ orí. “Dókítà, ẹ má pa mí o. Sitebiláísà tó wà ní yàrá kejì yẹn, kò sí níbẹ̀ nígbà tí ẹ ṣe ti àkọ́kọ́.”

“Kò sí níbẹ̀ báwo? Ṣebí wáyà rẹ̀ gba ara ògiri wọlé?”

“Wáyà lásán ni, mà. Ọ̀gá wa, olórí ẹ̀ka, ní kí n gbé e lọ sí ọ́fíìsì àwọn, kí iná má bàa ba fíríìjì wọn jẹ́. Wọ́n ní n ò gbọ́dọ̀ sọ fẹ́nì kankan. Ìgbà tí fíríìjì kú ni mo tó dá a padà.”

Inú bí i, àmọ́ kò ráyè bínú pẹ́. Ó ní kí wọ́n yọ sitebiláísà kúrò. Iná ọ̀sán ọjọ́ náà kò yàtọ̀ sí ti àná: ó ń pọ̀, ó ń kéré, ó ń ṣẹ́jú. Bí wọ́n ṣe tàn án báyìí, èéfín lẹ̀ mọ́ pákó bí ọmọ ọwọ́ ṣe ń lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìyá rẹ̀. Àṣé iná tó ń ṣẹ́jú ni plásímà fẹ́! Níbo ni àwọn òyìnbó yẹn ti fẹ́ rí irú rẹ̀? Sàídátù rẹ́rìn-ín títí ó fi di ìhà mú. Kó tó di Ọjọ́bọ̀, ó ti ṣe ẹ̀rọ kékeré kan tó ń tan iná, tó ń pa á, ní ìwọ̀n tí òun fúnra rẹ̀ yàn. Èéfín ò já rárá.

Níwájú ìgbìmọ̀, alága ka èébú náà sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń gbádùn ẹnu ara rẹ̀.

“Òótọ́ ni wọ́n sọ,” ni Sàídátù wí. “Mo kọ ọ́ pé iná mi dúró ṣinṣin, kò sì dúró. Èmi ni mi ò yẹ̀ ẹ́ wò.” Ó wá tẹ́ àbájáde tuntun síwájú wọn, ó ṣàlàyé bí iná tó ń ṣẹ́jú ṣe borí èyí tó dúró.

Ọ̀jọ̀gbọ́n Oyèbọ́lá, ìyá àgbà kan nínú ìgbìmọ̀, bọ́ awò ojú rẹ̀. “Èyí dára púpọ̀. Ṣùgbọ́n kí ló dé tí iná kò dúró nígbà yẹn? Ṣé ẹ ò ní sitebiláísà ni?”

“A ní in, mà. Bàbá Àlíù wà níta, wọ́n mọ ibi tó lọ.”

Ikọ́ gbé alága. “Kò yẹ ká máa da àgbàlagbà láàmú,” ló sọ wéréwéré. “Ohun tó ṣe pàtàkì ni pé obìnrin yìí mú gbogbo ayé ronú. Èmi fara mọ́ ọn.” Àwọn tó kù náà fara mọ́ ọn, Sàídátù sì di ọ̀jọ̀gbọ́n kí wọ́n tó pín bisikíìtì.

Alága lé e bá lọ́nà àbájáde. Ó rẹ ohùn sílẹ̀. “Ìwé tuntun tí ẹ fẹ́ kọ yẹn... tí kì í bá ṣe tèmi, ṣé ẹ ò ní rí nǹkan yìí? Ó yẹ kí orúkọ mi wà níbẹ̀.”

Sàídátù kúnlẹ̀ dáadáa. “Ó ti wà níbẹ̀, sà. Ó wà níbi tí mo ti ṣàlàyé ẹni tó gbé sitebiláísà lọ, fíríìjì yín náà sì wà níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni tó bá ti tọ́ka sí èmi, ẹ̀yin náà ló tọ́ka sí yẹn.”