Irùngbọ̀n Bàbá

"Olè! Olè wọlé o!"

Bàbá gbá ọwọ́ obìnrin tó ń fá irùngbọ̀n rẹ̀ mú. Abẹ ṣì wà lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ìfófò ọṣẹ bo ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ kan.

"Bàbá, èmi ni. Èmi aránṣọ, ọmọ yín."

"Ọmọ ta ni? Èmi ò bí arúgbó rí!"

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó ń wò wọ́n. Ó ti sọ tẹ́lẹ̀ pé bí irú ìjà yìí bá tún ṣẹlẹ̀, ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó lòun máa gbé Bàbá lọ. Wọ́n tilẹ̀ ti fi yàrá hàn án níbẹ̀.

"O rí i báyìí?" ló wí. "Lọ́jọ́ kan, ẹ̀jẹ̀ máa dà nínú ilé yìí."

"Ẹ dákẹ́ ná, ẹ̀gbọ́n mi."

Láti òwúrọ̀ ni aránṣọ ti pààrọ̀ aṣọ ibùsùn, tó ti nu ilẹ̀, tó sì ti jẹ ìgbátí kan lé e. Ó fẹ́ já ọwọ́ rẹ̀ gbà tipátipá. Abẹ ńkọ́?

Ó rántí nọ́ọ̀sì tó máa ń wá wo Bàbá. Nọ́ọ̀sì náà ní bí ọkàn rẹ̀ bá dàrú, kó mí wọlé nímú, kó rọra tú u jáde lẹ́nu, kó sì máa fi ọkàn bá èémí náà lọ. Aránṣọ fi í rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. "Ọmọ mi, ṣé wọ́n ń kọ́ ẹja ní lílúwẹ̀ẹ́ ni? Àbí mo ti ń kú lọ, tí o fi ń kọ́ mi ní mímí?"

Ó mí wọlé. Afẹ́fẹ́ tutù kún àyà rẹ̀. Ó tú u jáde. Ọkàn rẹ̀ sá lọ sọ́dọ̀ ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó sá lọ sídìí aṣọ oníbàárà tí kò tíì rán tán. Ó rọra fà á padà. Ó tún mí. Ó gbọ́ bí omi ṣe ń kán láti ẹnu ẹ̀rọ. Ìgbà náà ló tó mọ̀ pé ọwọ́ tó di òun mú ń gbọ̀n. Kì í ṣe ọwọ́ oníjà. Lójú Bàbá, ẹni tí òun ò mọ̀ rí ló gbé abẹ sí òun lọ́rùn: ta ni ẹ̀rù ò ní bà?

Aránṣọ la ìka rẹ̀. Abẹ bọ́ sínú àwo omi.

"Ó tán, Bàbá. Kò sí abẹ mọ́."

Díẹ̀díẹ̀, ọwọ́ Bàbá dẹ̀.

"Ẹ̀gbẹ́ kan péré lo fá," ni ẹ̀gbọ́n wí. "Ṣé bí wọ́n ṣe máa wà nìyẹn? Bàbá tí kì í fi irùngbọ̀n jáde nílé?"

"Nítorí yín ni mo ṣe ń fá wọn, kí ẹ lè wọlé kí ẹ ní mò ń tọ́jú wọn. Ẹ̀rù ló ń bà wọ́n láràárọ̀, mi ò rí i. Irùngbọ̀n ò pa ẹnikẹ́ni rí. Mi ò ní fá a mọ́."

"Ilé ìtọ́jú ńkọ́?"

"Wọn ò lọ. Ṣùgbọ́n ó ti rẹ̀ mí, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ máa wá gbà wọ́n lọ́wọ́ mi ní Sátidé. Ẹ yéé dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ọlọ́pàá."

Ẹ̀gbọ́n bọ́ bàtà rẹ̀, ó wọlé, ó sì fi omi ẹ̀rọ rin aṣọ ìnujú láti nu ọṣẹ ojú Bàbá. Ó dúró níwájú Bàbá, kò mọ ohun tí ì bá ṣe.

"Ibo ni kí n ti bẹ̀rẹ̀?"

"Ẹ kọ́kọ́ sọ fún wọn pé ẹ fẹ́ fọwọ́ kàn wọ́n."