Fà á, Fọ́ ọ, Fi í Fúnlẹ̀

Ọjọ́ kẹfà rèé tí ọ̀gá ti lé àwọn òṣìṣẹ́ iléeṣẹ́ pákó síta, nítorí wọ́n kọ̀ láti fọwọ́ kan ayùn tó gé ọwọ́ ènìyàn mẹ́ta. Aṣáájú wọn, lagilagi kan tí wọ́n ń pè ní Eléyín-ayùn, wá bá bàbá tó máa ń kun nọ́ńbà sára pákó.

"Bàbá Akọ̀wé, ariwo wa ò jọra. Bí ẹnì kan ṣe ń fà, ẹnì kan ń tì. Ẹ fún wa ní nǹkan tó máa so apá wa pọ̀."

Inú bàbá náà dùn, àmọ́ kò jẹ́ kó hàn lójú. Ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo ló ń tọ́jú kọ́kọ́rọ́ ọ̀gá nínú ọgbà iléeṣẹ́ náà. Wọn ò kí ara wọn mọ́ láti ọjọ́ tí ọmọ náà ti ti géètì mọ́ ọn síta. Kó gbọ́ ohùn wa níbi tó wà, ó sọ nínú ara rẹ̀.

"Ìró kan náà ni kẹ́ ẹ fi bẹ̀rẹ̀ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ẹ̀. Fà á! Fọ́ ọ! Fi í fúnlẹ̀!"

"Háà, Bàbá! Ẹnu yín mú ju ayùn lọ!"

"Ó mú ju eyín tìẹ náà lọ. Gbéra, jàre."

Ọgọ́rùn-ún ọkùnrin so okùn mọ́ géètì. Ní "fà á", okùn le. Ní "fọ́ ọ", irin ké. Ní "fi í fúnlẹ̀", géètì wó lulẹ̀ gbì. Ọmọ bàbá náà dúró lẹ́yìn ibi tí géètì wà, kọ́kọ́rọ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Gbólóhùn náà kò dúró. Kò bèèrè bóyá irin ni tàbí ènìyàn. Wọ́n fa ọmọ náà lẹ́wù ya, wọ́n la pákó mọ́ ọn lórí, ó ṣubú, wọn ò sì yé lù ú.

"Ẹ dúró! Ọmọ mi ni!"

Ta ló gbọ́? Bàbá náà fi ìgbọ̀nwọ́ la ọ̀nà, igi bà á lẹ́nu, eyín méjì bọ́. Ó rí i pé pákó ń gòkè ní "fà á", ó ń balẹ̀ ní "fúnlẹ̀". Ó tu ẹ̀jẹ̀ dànù, ó sì gbé ohùn tirẹ̀ lé tiwọn.

"Fi í sílẹ̀! Fi í fún mi! Fi í fún bàbá ẹ̀!"

Eléyín-ayùn ló kọ́kọ́ gba igbe náà láìmọ̀. Ẹnu mẹ́wàá tẹ̀ lé e, ó di ọgọ́rùn-ún. Pákó dúró lókè. Wọ́n gbé ọmọ náà, wọ́n tẹ́ ẹ síwájú bàbá rẹ̀, wọ́n ṣì ń pariwo, "Fi í fún bàbá ẹ̀!"

Bàbá náà kúnlẹ̀, ó gbé etí lé e láyà. Kò mí mọ́.

Ó dìde. Ó fi ọwọ́ ẹlẹ́jẹ̀ bo Eléyín-ayùn lẹ́nu, ó sì dì í mú bẹ́ẹ̀ títí ariwo fi kú.