Ẹ̀rín Refugio

Nínú yàrá kan tí kò ní fèrèsé, ní Los Angeles, ni Anselmo Quintana ti ń fi ẹ̀rín sí eré tẹlifíṣọ̀n. Àpótí onírin kan ló wà níwájú rẹ̀, tó ní bọ́tìnì bíi ti dùùrù kékeré. Bó bá tẹ èyí, obìnrin kan á bú sẹ́rìn-ín; bó bá tẹ tọ̀hún, ẹ̀rín odidi gbọ̀ngàn á gba ilé kan. Lọ́dún 1962 yẹn, àwọn ilé iṣẹ́ ńlá tó ń gbé eré jáde fún gbogbo Amẹ́ríkà kò gbà pé èèyàn lè dá rẹ́rìn-ín nínú ilé ara rẹ̀ bí ẹlòmíràn kò bá kọ́kọ́ rín.

Anselmo fúnra rẹ̀ ló ṣe àpótí náà, òun ló sì gba àwọn ẹ̀rín náà sílẹ̀ ní ilé eré kan ládùúgbò rẹ̀. Bọ́tìnì tó kẹ́yìn lọ́wọ́ ọ̀tún, ẹ̀rín bàbá rẹ̀ ni. Refugio Quintana, tó ti Mẹ́síkò wá, fi gbogbo ayé rẹ̀ gé koríko fún àwọn olówó. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló wá wo eré níbẹ̀, kò tilẹ̀ bọ́ bàtà iṣẹ́. Aláwàdà kan jókòó lé fìlà ara rẹ̀, Refugio sì rẹ́rìn-ín látinú ikùn wá, bí ìgbà tí wọ́n bá ń da ọ̀dùnkún sílẹ̀ látinú àpò. Kò pẹ́ sígbà náà tó fi kú. Gbogbo olóòtú eré ló fẹ́ràn ẹ̀rín yẹn, Baba Oníkùn ni wọ́n ń pè é, wọn ò mọ ẹni tó ni ín. Ìyá Anselmo mọ̀. Kì í wo eré. Á kàn jókòó ti tẹlifíṣọ̀n, á dijú, á máa retí ọkọ rẹ̀.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Jímọ̀ kan, Ọ̀gbẹ́ni Biddle, olóòtú àgbà, gbé eré ọjọ́ Àìkú wá. Nínú rẹ̀, ọmọ onílé kan fẹsẹ̀ gbé ará Mẹ́síkò tó ń tọ́jú ọgbà wọn ṣubú sínú adágún omi ìlúwẹ̀ẹ́. Ọkùnrin náà kò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́. Ó ń fọwọ́ lu omi, ó ń pariwo ní èdè Sípéènì.

"Sammy," ni Biddle wí, nítorí ó ní orúkọ Anselmo ti gùn jù, "ibí yìí gan-an. Fún mi ní Baba Oníkùn."

"Rárá, ọ̀gá."

"Rárá kẹ̀? Ṣé ó ti bàjẹ́ ni?"

"Kò bàjẹ́. Kò rí ohun tó ń pa á lẹ́rìn-ín ni."

"Ẹ gbà mí o! Àpótí ti wá ń yan ohun tó máa rín! Ó dáa, àwọn yòókù ńkọ́?"

"Àwọn náà ò rín."

Biddle kò ṣàwàdà mọ́. "Tí kò bá sí ẹ̀rín níbẹ̀, ṣebí ńṣe ló máa dà bíi pé ọkùnrin yẹn ń kú lọ!"

"Ẹ̀yin náà ti rí i nìyẹn."

"Tí o bá jáde níbí, o ò ní ríṣẹ́ mọ́ ní gbogbo ìlú yìí. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́." Anselmo yọ wáyà, ó ti àpótí rẹ̀ pa, ó gbé e mọ́ àyà. "Anselmo lorúkọ mi. Bó bá gùn jù, ẹ pe ìlàjì lónìí, kẹ́ ẹ pe ìyókù lọ́la."

Wọn kò rí ẹlòmíràn pè kí eré tó jáde. Lọ́jọ́ Àìkú, ọkùnrin náà já sínú omi, ilé sì dákẹ́ rọ́rọ́. Ìyá Anselmo lajú.

"Kí ló dé tí bàbá rẹ ò rín?"

"Mo ti gbé e wálé, Màmá."

Ìyá náà tẹ etí sí tẹlifíṣọ̀n. "Ó ń ké pé kí wọ́n gba òun o. Ṣé o gbọ́? Ó ń pe ìyá rẹ̀." Ó gbọ́ ọ títí dé òpin, lẹ́yìn náà ló dìde, ó pa tẹlifíṣọ̀n náà.

Tẹlifóònù kò dún lọ́jọ́ Ajé, kò sì dún lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e. Anselmo gbé ẹ̀rọ ìgékoríko bàbá rẹ̀ jáde, ó nu ìpẹtà rẹ̀, ó gbé e sẹ́yìn ọkọ̀. Lẹ́yìn náà ló mú ọ̀dà funfun, ó sì kọ orúkọ rẹ̀ sára ilẹ̀kùn ọkọ̀ náà gàdàgbà, kò gé lẹ́tà kankan kúrò.