Lẹ́tà Tí Ernest Mú Wá Sílé

Kí ọdún 1978 tó dé, líìgì bọ́ọ̀lù Sabon Gari ní Kánò kò ní òfin kankan ju ohun tí gbogbo ènìyàn mọ̀ lọ. Ẹgbẹ́ mẹ́jọ ní ń gbá bọ́ọ̀lù lórí pápá oníyanrìn. Bí òjò bá rọ̀, wọn a sún ìdíje síwájú. Bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ ẹnìkan, ẹgbẹ́ méjèèjì a jọ lọ kí i. Lọ́dún náà ni àṣẹ dé pé a ó da líìgì Sabon Gari, ti Brigade àti ti Gwagwarwa pọ̀ di ìpele kẹta kan ṣoṣo, ẹgbẹ́ méjì péré ni àdúgbò kọ̀ọ̀kan yóò sì fà kalẹ̀. Ẹgbẹ́ tí kò bá wọlé, eré ìrọ̀lẹ́ lásán ló kù fún un.

Olújìmí, olùkọ́ ìṣirò tí iṣẹ́ rélùwéè gbé bàbá rẹ̀ wá sí Kánò, ni akọ̀wé líìgì. Òun ló kọ òfin tuntun náà: ẹgbẹ́ tí ó bá fẹ́ kí a sún ìdíje síwájú gbọ́dọ̀ fi lẹ́tà sí ọ́fíìsì líìgì ní Enugu Road, ó kéré tán, ní ọjọ́ méje ṣáájú.

Ernest, télọ̀ kan, ni balógun Ìràwọ̀ Òwúrọ̀, ẹgbẹ́ àwọn ọ̀dọ́ ìjọ Àládùúrà kan. Ó rí i pé ìdíje wọn tó kẹ́yìn bọ́ sí ọjọ́ ìkórè ìjọ. Ó kọ lẹ́tà, ṣùgbọ́n kò gbé e lọ sí ọ́fíìsì. Ní Sabon Gari, ẹni tí o mọ ilé rẹ̀, tí o mọ ìyá rẹ̀, o kì í gbé ọ̀rọ̀ rẹ̀ lọ bá tábìlì, kó má baà dà bí ẹni pé o fẹ́ pè é lẹ́jọ́. Ilé Olújìmí ló mú un wá. Ó dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ méjèèjì nà án. Olújìmí gbà á, ó ní, "Ó ti yé mi," ó fi í sínú ìwé ìṣirò kan, ó sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Lọ́jọ́ ìkórè, Ẹgbẹ́ Lókò, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ òṣìṣẹ́ rélùwéè tí Olújìmí fúnra rẹ̀ ti gbá bọ́ọ̀lù fún rí, wọ pápá, wọn kò bá ẹnikẹ́ni níbẹ̀. Rẹfirí fọn fèrè. Àmì méjì bọ́ sọ́wọ́ Lókò, wọ́n sì fi í gba ipò kejì mọ́ Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ lọ́wọ́.

Ní ìpàdé ìgbìmọ̀, Olúdélé tí í ṣe alága béèrè bóyá lẹ́tà kankan wọ ọ́fíìsì.

"Lẹ́tà kankan kò wọ ọ́fíìsì," ni Olújìmí wí. Òótọ́ ni, ọ̀rọ̀ sí ọ̀rọ̀.

Rosaline ìyàwó rẹ̀ gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn ará ọjà.

"Bàbá Bùnmi, ta ni mo bu omi fún lọ́jọ́sí? Àbí iwin ni?"

"Ọ́fíìsì ni òfin wí, kò wí pé ilé."

"Ta ló kọ òfin?"

"Èmi ni."

"Ta ló gba lẹ́tà?"

Olújìmí fa ìwé ìṣirò náà yọ, ó ń ṣí i.

"Haba! Ká ní ẹ sọ fún un pé kó gbé e lọ sí ọ́fíìsì, ṣé ẹsẹ̀ á dùn ún ni?"

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni Olújìmí fi bá ara rẹ̀ ro ẹjọ́ náà. Ìgbàgbé kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀; ó gbà bẹ́ẹ̀. Òfin gbọ́dọ̀ dúró; ó gbà bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kan wà tí kò rí ọ̀nà gbà yí i po: bí ó bá jẹ́ pé Lókò ló kọ lẹ́tà, ǹjẹ́ òun ìbá gbàgbé?

Lọ́jọ́ tí alága na ìwé orúkọ ẹgbẹ́ méjì tó wọ ìpele kẹta sí i pé kó fọwọ́ sí i, ó gbé kálámù sílẹ̀.

"Alága, mi ò lè fọwọ́ sí i. Ernest kọ lẹ́tà, ó sì tó àsìkò. Ọwọ́ mi ló wà."

Àlàbá, àgbàlagbà tó jẹ́ olórí Lókò, bú sẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti di wòlíì ni, Jìmí? Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lẹ́yìn ìdíje ni ẹ̀mí ṣẹ̀ṣẹ̀ bà lé ẹ! Ẹ wá wo ọmọ Lókò tó gbá bọ́ọ̀lù sílé ara ẹ̀!"

Alága pàṣẹ pé kí wọ́n gbá ìdíje náà ní Sátidé.

Ṣùgbọ́n ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kì í ṣe ọjọ́ mẹ́ta. Ẹgbẹ́ kan ní Brigade tí ó ti wọlé ti wá kó mẹ́rin nínú àwọn ọmọ Ernest, aṣọ́lé wọn wà nínú wọn, wọ́n sì ti fọwọ́ síwèé. Ní Sátidé, Lókò gbá góòlù márùn-ún wọlé. Kò sí ẹni tó lè jiyàn rẹ̀.

Nígbà tí èrò túká, Olújìmí lọ bá Ernest lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó góòlù.

"Ernest, jọ̀wọ́, dárí jì mí."

"Mo ti dárí jì yín, bùọ̀dá. Ọjọ́ tí mo gbọ́ pé ẹ jẹ́wọ́ náà ni." Ó nu yanrìn ojú rẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ṣọ́lé fún wa ti ń ṣọ́lé fún Brigade."

Olújìmí ti rò pé ẹni tí a bá dárí jì, ara á fúyẹ́. Kò mọ ohun tí yóò fi ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó nàgà, ó ń tú okùn àwọ̀n lára òpó kan. Ernest ń tú ti òpó kejì. Nígbà tí wọ́n pàdé láàárín, Ernest gba apá àwọ̀n tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó ká a, ó sì gbé e lé èjìká lọ sílé, nítorí Ìràwọ̀ Òwúrọ̀ ló ni í.