Òwú Abẹ́ Okùn Tanpura

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin tí ẹ ní etí. Ìtàn òwú kan ni mo fẹ́ sọ, òwú tí kò gùn tó ìka ọwọ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ dójú ti àgbà olórin kan ní ìlú Miraj wa níbí.

"Ketaki ni yóò jókòó lọ́wọ́ ọ̀tún mi ní tẹ́ńpìlì," Anasuyabai, àgbà olórin ọ̀hún, wí. Ẹ̀pà ló ń bó lọ́wọ́, kò tilẹ̀ gbójú sókè. "Indumati, ìwọ bọ́ sí òsì."

Indumati ní, "Ó dáa, Ìyá." Aṣọ ló fi ń nu tanpura rẹ̀, ohun èlò olókùn tí wọ́n ń ta sẹ́yìn orin, ojú kan náà ló ṣáà ń nù.

Ẹni tó bá mọ ilé olórin mọ ìwúwo ọ̀rọ̀ yẹn. Akẹ́kọ̀ọ́ méjì ló máa ń jókòó sẹ́yìn olórin, kálukú pẹ̀lú tanpura rẹ̀, kí kíkùn okùn má baà dáwọ́ dúró. Ti ọ̀tún ni àgbà. Òun ni olórin ń ju orin sí bí ó bá fẹ́ mí. Láti ìgbà ọ̀dọ́ Indumati ló ti ń jókòó níbẹ̀. Ó ti fọ aṣọ ìyá yìí, ó ti sìn ín lọ ilé ìwòsàn, kò tilẹ̀ ráyè lọ́kọ. Ketaki ńkọ́? Òjò tó kọjá yìí ló gbé e dé láti ìlú ńlá Pune, tòun ti ṣòkòtò jíǹsì àti Gẹ̀ẹ́sì lẹ́nu.

Gẹ̀ẹ́sì ọ̀hún gan-an ló dá egbò sílẹ̀. Ní ọjọ́ kan tí ọ̀rinrin òjò mú kí tanpura Indumati máa han gooro, Ketaki rẹ́rìn-ín, ó ní kakófónì ni. Anasuyabai béèrè ohun tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ọmọ náà ní ariwo tí kò bára mu, tó ń ha etí, ni: òyìnbó ń lò ó fún igbe kannakánná, fún fèrè ọkọ̀ ní oríta, àní fún ẹbí tó ń pín ilẹ̀ bàbá wọn. Ìyá náà rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, gbogbo nǹkan di kakófónì lẹ́nu rẹ̀: ìkòkò tó ń súfèé lórí iná, ewúrẹ́ ará ilé kejì, gbohùngbohùn àwọn olóṣèlú. Indumati náà ń bá wọn rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n òjòwú kò lẹ́ran láyà. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ló dùn ún. Ẹ̀rín náà ni. Òun kò pa ìyá yìí lẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ rí.

Ọjọ́ tí wọn yóò kọrin ní tẹ́ńpìlì pé. Indumati ló tún okùn tanpura méjèèjì ṣe, torí iṣẹ́ àgbà ni. Lábẹ́ okùn kọ̀ọ̀kan, lórí egungun pẹlẹbẹ tó gbé okùn ró, òwú tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà. Bí ó bá wà láyè rẹ̀, okùn á máa kùn bí oyin. Bí ó bá yẹ̀ díẹ̀ báyìí, á máa ha bí ìgbà tí wọ́n ń fi ṣíbí ha ìdí ìkòkò. Nígbà tí Ketaki jáde lọ mu tíì, Indumati bojú wẹ̀yìn, ó na ìka méjì, ó fa gbogbo òwú ọmọ náà kúrò láyè.

"Kó lọ fi Gẹ̀ẹ́sì tún un ṣe," ó wí lábẹ́ ẹnu.

Lórí pèpéle, bí Ketaki ti fọwọ́ kan okùn, ariwo bẹ́ jáde. Àwọn tó jókòó níwájú wo ara wọn lójú. Indumati ń retí kí ìyá bojú wẹ̀yìn, torí obìnrin yìí ni ẹni tí yóò fi oúnjẹ sílẹ̀ láti lọ bá ará ilé kẹta wí bí okùn rẹ̀ bá yẹ̀.

Anasuyabai kò bojú wẹ̀yìn. Ó pa ojú dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọrin.

Bí etí kò bá gbọ́ yìnkìn, inú kì í bàjẹ́. Ọ̀tún ni ariwo náà wà, ìyá kò sì gbọ́ ọ. Ìgbà náà ni Indumati rántí bí ìyá ti ń gbé fóònù sí etí òsì láti ọjọ́ mélòó kan wá, àti bí ó ti máa ń yí ọrùn bí wọ́n bá pè é láti ọ̀tún. Ìyá kò lé òun kúrò nípò. Etí òsì kan ṣoṣo tó kù fún un, òun ló gbé e lé lọ́wọ́.

Àwọn èèyàn sì ti ń kùn. Ọkùnrin kan ń sọ fún èkejì rẹ̀ pé ó tó kí ìyá àgbà yìí lọ sinmi. Ketaki ń làágùn, kò lè dáwọ́ dúró, kò sì lè máa ta okùn lọ: adìẹ bà lókùn, ara ò rọ okùn, ara ò rọ adìẹ.

Indumati mọ̀ pé ọwọ́ tó bá lọ tààrà síbi tí òwú wà yóò tú àṣírí ara rẹ̀. Ó nawọ́. Ó ń fi ọwọ́ kan ta okùn tirẹ̀, ó ń fi èkejì dá òwú Ketaki padà lọ́kọ̀ọ̀kan, títí tanpura méjèèjì fi ń kùn pọ̀ bí oyin ilé kan náà. Ketaki wo ìka rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀.

Lẹ́yìn pèpéle, ọmọ náà sọ̀rọ̀. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ ò wá a kiri. Ọwọ́ yín lọ síbẹ̀ tààrà."

"Ọwọ́ tó gbé e kúrò ló mọ̀nà," Indumati dáhùn. "Bí o bá fẹ́, sọ fún Ìyá. Ṣùgbọ́n má sọ fún ẹnikẹ́ni pé etí wọn ti ń lọ."

Ketaki ti tanpura sínú àpò rẹ̀. "Ọwọ́ ọ̀tún tí ẹ torí ẹ̀ bínú, ẹyọ orin kan ò dé ibẹ̀ lónìí," ó wí. "Òsì ni Ìyá ń ju gbogbo ẹ̀ sí. Èmi gan-an ló yẹ kí n jowú."

Nínú ọkọ̀ tó ń gbé wọn lọ sílé, Anasuyabai ní, "Báwo la ti ṣe é? Ṣé kò sí kakófónì kankan?"

Indumati dìde níbi tó wà, ó bọ́ sí òsì ìyá náà, ó gbé ẹnu sún mọ́ etí rẹ̀.

"Kò sí, Ìyá."

Bí Riyasat tó ń ṣe tanpura ní òpópónà wa ti rò ó fún mi nìyẹn. Indumati fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́ fún un, lẹ́yìn tí ìyá náà ti fi pèpéle sílẹ̀ pátápátá, ní ọjọ́ tó wá ra òwú.